Ìdọ̀bálẹ̀ ní Rumuokoro

Àwọn tó ń sọ pé ayé àwọn baba ńlá wa ni ogun parí sí, ẹ ní kí wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jà Creek Road. Èmi Bashiru, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, oníṣòwò okùn àti àwọ̀n àti tapólì, mo rí ogun. Kò sí ẹṣin níbẹ̀, kò sí apó ọfà. Àwọn ọmọ ogún ọdún ló jà á. Ìbọn tí wọ́n fi jà á, ìgbà ìbò ni àwọn olóṣèlú ti pín in fún wọn, ìbò parí, ẹnikẹ́ni kò sì rántí gbà á padà. N kò pín ìbọn fún ẹnikẹ́ni. Fìlà àti ìrẹsì ni èmi pín. Ṣùgbọ́n mo wà ní àgbàlá tí wọ́n ti ń tú àpótí ìbọn, mo sì kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá fo ibẹ̀, irọ́ ni ìyókù.

Ọdún 2004 ni, oṣù kẹsàn-án, ìgbà tí òjò Port Harcourt máa ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbà á síṣẹ́. Ẹgbẹ́ méjì ló pín ìlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Ìdákọ̀ró di odò mú, gbogbo etí omi láti ẹ̀yìn Creek Road títí wọ inú igbó ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi. Ẹgbẹ́ Ọ̀nì di ojú títì mú. Odò kò jẹ́ kí ilẹ̀ jẹ ẹja, ilẹ̀ kò jẹ́ kí odò jẹ gàrí. Àwọn sójà wà láàárín, ọkọ̀ ojú omi wọn ń yìnbọn fún ohunkóhun tó bá mì, ì báà ṣe ewé. Àwa tó wà ní Township, àárín ìlú láàárín odò àti títì, dà bí ẹran inú ìkòkò tí wọ́n ti dé ọmọrí mọ́.

Inú ìkòkò yìí ni Baba Abíọ́nà wà.

Ọdún 1979 ni mo dé ìlú yìí, mo gbé báàgì kan àti àdírẹ́sì tí òjò ti pa rẹ́. Baba ló gbà mí, torí agbo ilé kan náà ni wọ́n ti bí àwọn àti ìyá mi ní Màsífà, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Télọ̀ ni wọ́n. Abẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ni mo sùn fún ọdún méjì, bí mo bá sì pẹ́ jí, àgékù aṣọ á ti bò mí lójú. Ẹ̀wù gígùn tí àwọn ìjòyè Kàlàbárì ń wọ̀, tí wọ́n ń pè ní etíbò, kò sí ọmọ Kàlàbárì tó mọ̀ ọ́n rán tó ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Wọ́n rán aṣọ fún wọn títí wọ́n fi di àna wọn: wọ́n fẹ́ Nengi, ọmọ Abonnema, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Tamunotonye.

Tamunotonye yìí, tí mo gbé sẹ́yìn lọ sílé ìwé, tó ń pè mí ní Bọ̀dá Bash, tó kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, òun ló wá di balógun Ẹgbẹ́ Ìdákọ̀ró. Ọ̀nì kò rí i mú nínú odò. Wọ́n wá búra pé bàbá rẹ̀ làwọn máa mú, kí ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Wọ́n mọ orúkọ, wọn kò mọ ojú. Wọ́n ṣáà mọ̀ pé télọ̀ Yorùbá ni, pé arúgbó ni, pé Township ló wà. Wọ́n ti gbé télọ̀ méjì tí kì í ṣe òun. Ọ̀kan nínú wọn kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún di abẹ́rẹ́ mú mọ́.

Èmi ńkọ́? Èmi ti di ẹni ńlá. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé lọ́dún 1999, àwọn olóṣèlú rí i pé àwa àlejò pọ̀ lọ́jà, a sì ní ìbò. Wọ́n wá ẹni tó máa kó wa jọ, mo ní èmi nìyí. Mo kó ènìyàn jọ fún wọn nígbà méjì, lẹ́ẹ̀kejì wọ́n yàn mí ní kánsẹ́lọ̀ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọjà. Mo ní ohun kan tí àwọn tó kù kò ní. Mo mọ àgbà í kí. Bí mo bá dé àgbàlá ìjòyè Ikwerre tàbí Okrika, mo tẹ̀ ba, mo fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, mo dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ òṣèlú nìyẹn, ó yá, kì í dọ̀tí aṣọ. Àwọn àgbà á máa mi orí: "See respect. This one get home training."

Lọ́jọ́ kan, ní Rumuigbo, lórí pèpéle ìpolongo, orí mi wú. Mo ní, "Ẹ̀ ń rí mi tí mò ń tẹ̀ ba fún gbogbo yín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní ìlú yìí tí mo máa ń fi àyà lélẹ̀ fún. Télọ̀ ni, abẹ́ tábìlì rẹ̀ ni mo ti dàgbà." Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ẹni tó bá mi di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú lọ́jọ́ náà ni Afeez, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìlọrin, tí wọ́n bí sí Rumuigbo, tó ń bá wa tẹ̀lé ìpolongo kiri. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Afeez ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Rumuokoro fún Ẹgbẹ́ Ọ̀nì.

*

Lẹ́yìn ìrun Alásárì la ṣe ìpàdé náà, nínú ṣọ́ọ̀bù Baba, ilẹ̀kùn ní ìdajì, òjò lórí páànù. A jẹ́ mẹ́rin: Baba, Nengi ìyàwó wọn, Mikail olórí àwọn aláàárù Creek Road, àti èmi.

Mikail mú ṣọ́ọ̀kì télọ̀, ó fa ìlà sórí tábìlì. "Ibí la wà. Mọ́tò á gbé wa dé Rumuigbo. Láti Rumuigbo, ẹsẹ̀ ni, torí wọ́n ti fi igi dábùú ọ̀nà fún mọ́tò ẹrù. Ọ̀nì wà níbí, lẹ́nu Rumuokoro. Wọ́n ń tú búùtù gbogbo mọ́tò, wọ́n ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá jókòó. Ẹni tó bá ru ẹrù, wọn kì í wo ojú rẹ̀."

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Ẹrù ni wọ́n ń wò. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ru tapólì yín, Kánsẹ́lọ̀. Kí lorúkọ ìyàwó mi?"

N kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹ ṣé. Báyìí làwọn ọmọ Ọ̀nì náà ò ṣe ní mọ Baba."

Ètò náà kò le. Aláàárù mẹ́fà, Baba ìkeje, wọn á ru okùn àti tapólì tí wọ́n ń kó lọ sí páàkì Rumuokoro. Bí wọ́n bá ti kọjá Ọ̀nì, ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ni sí bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́. Bọ́ọ̀sì á ṣí, ó parí. Ohun tó kù ni ẹni tó máa dúró ti bọ́ọ̀sì kí awakọ̀ má baà lọ.

Mo ní, "Èmi ni."

"Kánsẹ́lọ̀, ẹ jókòó sílé," Mikail ní. "Ojú yín ti di pátákó ìpolówó. Mo lè rán àbúrò mi."

"Awakọ̀ ò mọ àbúrò ẹ. Èmi ló mọ̀."

Ẹ gbọ́ òtítọ́. Awakọ̀ ì bá dúró de ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó ìjókòó. Mo fẹ́ kí àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì rí mi. Mo fẹ́ kí wọ́n dé Màsífà, kí wọ́n sọ pé Bashiru ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ Baba nínú iná. Orúkọ ni mò ń wá, mo sì pè é ní ìfẹ́.

Baba wo mi. Mo rò pé wọ́n rí i. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n, Bashiru, o ò gbọdọ̀ kí mi."

"Baba?"

"O gbọ́ mi. Aláàárù ni mo máa jẹ́. Kánsẹ́lọ̀ kì í kí aláàárù. Wàá dúró ṣinṣin bí òpó iná. Àní wàá bú mi, kó lè dáa dáadáa. Ó yá, bú mi ká gbọ́."

Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Mo tún là á. "Ẹ̀yin àgbàlagbà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára ẹsẹ̀ díẹ̀, sà."

Mikail fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Baba alára rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu wọn. "Òun nìyẹn? Ṣé èébú nìyẹn àbí àdúrà?"

"Ẹ sọ pé, 'Ìwọ arúgbó yìí, ṣé o ti kú ni?'" Mikail kọ́ mi.

"Ìwọ... Mi ò lè sọ ọ́."

Nengi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ Yorùbá ju ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, ó máa ń bọ́ ọ sílẹ̀ bí bàtà tó há. Ó ní, "Bash, na respect you go take kill my husband."

Ẹ̀rín parí. Baba na ọwọ́, wọ́n mú àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé aṣọ, wọ́n nà án sí mi. "Fi eyín tẹ irin rẹ̀, kí o búra."

"Baba, Mùsùlùmí ni wá. Ẹ jẹ́ kí n fi Kùránì búra."

"Kùránì ni gbogbo yín fi búra ní kánsù. A rí èso rẹ̀. Irin yìí ló bọ́ ọ. Tẹ̀ ẹ́."

Mo fi eyín tẹ̀ ẹ́. Ó tutù, ó ní adùn ṣọ́ọ̀kì. Mo ní, "Bí mo bá tẹ̀ ba fún Baba Abíọ́nà kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì, kí irin tó bọ́ mi gba gbogbo ohun tó fún mi."

"Àmín," ni Nengi dáhùn, kíákíá, bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ kaftani funfun tó le gbagidi, mo ṣáájú wọn lọ nínú mọ́tò mi. Ní ẹnu Rumuokoro, Afeez gbé ìbọn sẹ́yìn, ó wá sójú fèrèsé.

"Kánsẹ́lọ̀ mi. Ìbò lọ, àwa náà lọ?"

"Afeez, ọ̀rọ̀ pọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ò pọ̀, sà. Ẹ ṣí búùtù." Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tú u fínnífínní. Ó lu òrùlé mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì. "Pass. Ẹ bá mi kí ọ̀gá yín tó ní òun ò mọ̀ mí rí."

Mo kọjá. Mo dúró ti bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́. Èrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un, àwọn ará Ọ̀yọ́ kan wà níbẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta láti Ìkòyí-Ilé, ọkùnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Creek Road tó mọ̀ mí. Wọ́n ń wo mi láti ojú fèrèsé. Mo tún kọ́là kaftani mi ṣe.

Ìrìn tàwọn aláàárù, Mikail ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní láti Rumuigbo ni okùn ti ń gé Baba léjìká, torí èjìká télọ̀ kò ru nǹkan tó ju téèpù lọ rí. Ó ní kí àwọn sinmi, Baba kọ̀. Wọ́n ní, "Mikail, ojú ọ̀nà ni ìyá mi bí mi sí, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ mí ní Abíọ́nà. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà náà ni..."

"Ẹ má parí ẹ̀, Baba."

"Kí n má parí ẹ̀?"

"Ẹ parí ẹ̀ ní Màsífà."

Mo rí wọn nígbà tí wọ́n yọ. Méje ní ìlà kan, orí wọn mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Baba ló ṣe ìkẹrin. Ọ̀nì jẹ́ bí mẹ́sàn-án. Ọ̀kan fi ẹnu ìbọn gún tapólì tó ṣáájú, ó rí i pé tapólì ni, ó ju orí pé kó kọjá. Èkejì kọjá. Ẹ̀kẹta. Nígbà tó kan Baba, Afeez fi ọwọ́ tẹ okùn náà, ó ní, "Papa, e heavy o," ó sì bá wọn tún un gbé dáadáa. Ó bá wọn tún un gbé. Bàbá tó ń wá kiri, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ràn án lẹ́rù, ó ní kó máa lọ. Mikail kò parọ́: ojú aláàárù kì í ṣe ojú.

Mo ń ka ìṣísẹ̀. Ogún ló kù. Mẹ́wàá. Mo ń sọ èébú náà lábẹ́ ahọ́n: ìwọ arúgbó yìí, ìwọ arúgbó yìí.

Wọ́n dé iwájú mi. Fìlà Baba ti bọ́ lọ́nà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo ti mọ bàbá yìí, n kò rí orí wọn láìsí fìlà rí. Ó kéré. Irun funfun díẹ̀, òógùn ń ṣàn gba àárín rẹ̀. Okùn ti fa ẹ̀wù wọn ya, mo rí ibi tó ti bó léjìká. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wò mí, ojú wọn ń sọ pé: òpó iná.

Mo bá ara mi nílẹ̀.

Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ òṣèlú. Mo na gbalaja, àyà lórí ọ̀dà, àgbọ̀n nínú omi òjò, kaftani funfun nínú ẹrẹ̀ Rumuokoro, ẹnu mi sì ń sọ lọ láìbi mí: "Ẹ kú ìrìn, Baba. Ẹ kú ìnira, Baba mi, Abíọ́nà Àlàó, ọmọ Ajílété."

Páàkì ń pariwo tẹ́lẹ̀. Gbogbo ojú yí sí mi.

Baba ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Títí mo fi máa kú, n kò ní gbàgbé bí ọpọlọ wọn ti yá tó lábẹ́ ẹrù yẹn. Wọ́n fi ohùn aláàárù sọ ọ́, wọ́n sì pè mí ní ẹ̀yin, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé: "Ọ̀gá, ṣé kọ́kọ́rọ́ yín ló bọ́? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, màá bá yín wá a."

Ó kù díẹ̀ kí ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Bí mo bá dìde lójú ẹsẹ̀, tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ ni, ó lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n n kò lè dìde. Ní ilé wa, ẹni tí o dọ̀bálẹ̀ fún ló ń sọ pé kí o dìde bí ọmọ, Baba sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ bí ẹrú. Orúnkún mi kò gbọ́ èdè yẹn.

Mo gbọ́ bàtà tó ń bọ̀ wẹ́ẹ́rẹ́. Afeez dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.

"Kánsẹ́lọ̀," ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, "mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Rumuigbo. Èmi ni mo di máíkì mú. Ẹ ní ẹnì kan ṣoṣo." Ó yíjú sí Baba. "Papa tailor. Welcome."

Mikail fa ọ̀bẹ tó fi ń gé okùn yọ. Ìjà náà kò pẹ́ tó kí ènìyàn sín. Ìbọn dún sókè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ìdí ìbọn lu Mikail lápá, egungun rẹ̀ dún, èrò páàkì sì ti wà lábẹ́ mọ́tò. Baba sọ ẹrù kalẹ̀ fúnra wọn. "Mikail, sọ ọ̀bẹ. O ní ìyàwó. Múṣínátù ń retí rẹ."

Bí mo ṣe mọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n mú Baba lọ. Wọn kò fọwọ́ kàn mí. Afeez tilẹ̀ fà mí dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ lára kaftani mi. "Ẹ ṣé, Kánsẹ́lọ̀. You do well."

*

Mo sáré. Ẹ má rò pé n kò sáré. Mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní kánsù, wọ́n ní ó ń sinmi. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó pín àpótí lọ́jọ́ kan tí mo kọjú sí ògiri, àwọn náà wá kọjú sí ògiri fún mi. Ní ọjọ́ kẹta, fóònù mi dún.

"Bọ̀dá Bash." Tamunotonye ni. Omi ń lu ara ọkọ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ̀. "I hear say you greet my papa well well."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọ tó máa ń jí súgà mi lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ó sọ Yorùbá, tí kì í sábà sọ, ó ń yan ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń la ẹrẹ̀ kọjá. "Ẹ bá mi kí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ sọ pé mo wọ aṣọ wọn."

Òótọ́ ni. Àwọn tó rí i ní ó jáde láti etí omi ní ọ̀sán gangan, ó ń rìn lọ bá Ọ̀nì, òun nìkan, etíbò funfun tí bàbá rẹ̀ rán fún un ló wọ̀, kò mú ohunkóhun lọ́wọ́. Ọ̀nì pa ìlérí mọ́: wọ́n tú Baba sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. A kò rí Tamunotonye mọ́ títí di òní. A kò rí òkú rẹ̀ náà.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ńláńlá jókòó, wọ́n bọwọ́, wọ́n ní ogun parí. Oṣù kan péré. Afeez ti sanra báyìí. Ó di olóṣèlú, ó ń dé fìlà, bó bá rí mi lọ́nà á tẹ̀ ba, á fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, á dìde. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ.

*

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n tú Baba sílẹ̀ ni mo tó lè gbé ẹsẹ̀ mi dé ilé wọn. Nengi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú mi kọ́ ló wò, orúnkún mi ló wò. Ó ní, "He dey inside," ó sì yàgò.

Baba jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ wọn lórí pẹ́dà, pẹ́dà kò yí. Fìlà tuntun wà lórí wọn. Mo dúró níwájú wọn. Mo sọ fún orúnkún mi pé ó yá. Kò lọ. Mo tún sọ fún un. Mo dúró níbẹ̀ bí òpó iná, ọmọ tí wọ́n kọ́ lábẹ́ tábìlì yẹn, mo dúró gbọnrangandan níwájú bàbá tí mo ti ba ilé rẹ̀ jẹ́.

"O dúró," Baba ní.

"Mo dúró, sà."

"Ìbúra ọjọ́ kan ni mo ní kí o ṣe. Ó ti tán."

"Mo mọ̀, Baba. Kò lọ ni."

Wọ́n mú òwú, wọ́n wá ojú abẹ́rẹ́, wọn kò rí i, wọ́n fi í sílẹ̀. "Bashiru. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́, mi ò sì ní bi ọ́ mọ́. Lọ́jọ́ náà, ṣé èmi lo dọ̀bálẹ̀ fún, àbí àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì?"

Mo ronú kan orí wọn tó kéré, òógùn tó ń ṣàn níbẹ̀. Mo ronú kan ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, àti ọkùnrin alálùbọ́sà tó na ọrùn kó lè rí mi dáadáa. Mo ti rí i kí n tó wólẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti rí i.

"Mi ò mọ̀, Baba."

"Èmi náà ò mọ̀." Wọ́n dìde, wọ́n nawọ́ mú aṣọ funfun kan lórí ìsokọ́. Wọ́n ti gé e, wọ́n ti rán apá rẹ̀, etí ìsàlẹ̀ nìkan ló kù. "Ọ̀kan yìí ni Tamunotonye ní kí n rán de ọdún. Àwọn ará Abonnema ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá bá ìyá rẹ̀ sunkún. Ẹnì kan ní láti dúró níbi tó yẹ kí ọmọ mi dúró. Wọ̀ ọ́."

"Baba, mi ò yẹ."

"Mo mọ̀ pé o ò yẹ. Ó ga jù ọ́ lọ. Màá ké e kúrú."

Mo wọ̀ ọ́. Ó dé mi lẹ́sẹ̀, ó wọ́ nílẹ̀. Baba to abẹ́rẹ́ sí àárín ètè, wọ́n gbé téèpù kọ́rùn, wọ́n di etí tábìlì mú, wọ́n kúnlẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Eékún kan kọ́kọ́ kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà èkejì. Wọ́n kúnlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ mi.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ara mi ti ń lọ nísinsìnyí, ó ti ń tẹ̀, ọwọ́ mi ti fẹ́ kan èjìká wọn níbi tí okùn ti bó o.

"Dúró ṣinṣin," wọ́n ní láàárín abẹ́rẹ́. "Bí o bá tẹ̀, á bàjẹ́."

Mo dúró ṣinṣin, bí wọ́n ti ní kí n ṣe ní Rumuokoro.